Dùùrù ni wọ́n gbé síta, wọ́n fi ilé pamọ́! Àṣírí fọ́tò àwọn ará oko Nebraska

Ìyàwó David Hilton fárí gá, ó lóun ò ní í ya fọ́tò níwájú ilé òun. Agbègbè Custer, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni tọkọtìyàwó náà ń gbé lẹ́yìn ọdún 1880. Eèpẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé wọn láti ìsàlẹ̀ dókè. Ìyàwó ò fẹ́ káwọn èèyàn rẹ̀ tó wà lápá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà mọ̀ pé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ lòun ń sùn, kí wọ́n má baà máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀, ìyẹn ni pé òun náà ti ní dùùrù. Kí ló wá ṣe? Ó ní kí wọ́n gbé dùùrù náà jáde kúrò nínú ilé, wọ́n sì gbé e dé gbangba ìta, níbi tí ẹran ọ̀sìn wọn ń jẹ̀ sí. Bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ dúró yí i ká, ni oníyàwòrán bá ya wọ́n. Nígbà tí fọ́tò parí, wọ́n tún gbé dùùrù padà sínú ilé eèpẹ̀.

Fọ́tò náà wà títí dòní. Ẹni tó bá ṣèèṣì rí i tí kò mọ ìtàn rẹ̀ lè rò pé wọ́n fẹ́ kó kúrò nílé ni, tàbí pé lánlọ́ọ̀dù ló da ẹrù wọn síta. Kò mọ̀ pé ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú fọ́tò rárá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀pọ̀ fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n yà láwọn ìgbèríko àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ṣe rí. Oníyàwòrán ló ni kámẹ́rà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń yà ló mọ ohun tó fẹ́ káyé rí, òun náà ló mọ èyí tó fẹ́ bò mọ́lẹ̀.

Nebraska wà láàrin Amẹ́ríkà, ní apá ibi táwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Midwest. Custer County, tó dà bíi ìjọba ìbílẹ̀ kan níbẹ̀, fẹ̀ ju 2,500 máìlì onígun mẹ́rin lọ. Ìlú Broken Bow ni olú ìlú rẹ̀. Òkè kéékèèké ló kún ibẹ̀, koríko ló sì bo gbogbo rẹ̀, àfi ìwọ̀nba igi tó wà létí odò. Bí èèyàn bá dúró sórí òkè kan, ojú rẹ̀ á ríran jìnnà débi tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sinmi. Nígbà òtútù, yìnyín á bo ọ̀nà pátápátá, bó bá sì di ìgbà ooru, oòrùn á mú bí iná.

Kí ló wá gbé èèyàn débẹ̀? Ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Lọ́dún 1862, Ààrẹ Abraham Lincoln buwọ́ lu òfin kan tí wọ́n ń pè ní Homestead Act. Òfin náà ní ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, tàbí tó jẹ́ olórí ìdílé, lè gba ilẹ̀ 160 éékà lọ́wọ́ ìjọba. Owó táṣẹ́rẹ́ ni yóò san láti fi forúkọ sílẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́ o, ó gbọ́dọ̀ gbé orí ilẹ̀ náà fọ́dún márùn-ún, kó kọ́lé síbẹ̀, kó sì dáko. Àṣé ọ̀fẹ́ náà ní iṣẹ́ nínú! Àwọn èèyàn ya lọ bí omi. Lọ́dún 1880, èèyàn tó wà ní Custer County kò ju bíi 2,000 lọ, àmọ́ nígbà tó fi máa di 1890, wọ́n ti ju 21,000. Àwọn kan wá látinú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, àwọn mìíràn sì wá láti ìlú òkèèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ilé. Kò sí igi tí wọ́n lè là sí pákó. Pákó tí wọ́n bá sì rà, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó o wá, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Làwọn èèyàn bá yíjú sí ilẹ̀. Gbòǹgbò koríko ibẹ̀ ti wọnú ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti di eèpẹ̀ mú gírígírí. Wọn á fi ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tí ẹṣin ń fà gé e gbọọrọ gbọọrọ, ní ìwọ̀n bíi ẹsẹ̀ bàtà kan ní fífẹ̀, wọn á wá gé e sí wẹ́wẹ́ bíi búlọ́ọ̀kù. Wọn á dojú koríko rẹ̀ kọlẹ̀, wọn á sì máa tò ó léra. Ògiri rẹ̀ máa ń nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta. Ilé kékeré kan lè jẹ koríko tó wà lórí ìdajì éékà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aláwàdà wọn wá ń pè é ní mábù Nebraska.

Ilé náà ní àǹfààní tirẹ̀ o. Ó máa ń tutù nígbà ooru, ó sì máa ń móoru nígbà òtútù, iná kì í sì í tètè ràn mọ́ ọn. Àmọ́ bí òjò bá rọ̀, a jẹ́ pé wàhálà dé. Omi ẹlẹ́rẹ̀ á máa kán látòkè, nígbà tí òjò bá sì dá níta, ó lè máà tíì dá nínú ilé. Ejò àti eku pàápàá ka ara wọn kún ayálégbé. Àwọn ìyàwó ilé á ta aṣọ funfun sábẹ́ òrùlé kí eèpẹ̀ má baà máa já sínú ọbẹ̀. Nítorí àìsí igi, ìgbẹ́ màlúù tó ti gbẹ ni ọ̀pọ̀ wọn ń dáná. Ìdí rèé tójú fi ń ti ìyàwó Hilton.

Ọkùnrin tó ya àwọn fọ́tò yìí ń jẹ́ Solomon Devoe Butcher. Wọ́n bí i lọ́dún 1856 ní apá ibi tó ti di West Virginia báyìí, Illinois ló sì gbé dàgbà. Lọ́dún 1880, òun àti bàbá rẹ̀ wá sí Nebraska láti gba ilẹ̀. Àmọ́ ká sọ̀rọ̀ síbi tọ́rọ̀ wà, Butcher kì í ṣe àgbẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó fi dá ilẹ̀ ìjọba padà. Ó gba Minneapolis lọ láti kọ́ṣẹ́ dókítà, kò parí ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́yàwó bọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó padà sí Nebraska, ó ṣe tíṣà, ó tọ́jú owó, ó sì ṣí ilé fọ́tò. Láàárín ara wọn níbẹ̀, ọ̀lẹ lọ̀pọ̀ èèyàn kà á sí, nítorí gbogbo ẹni tí kò bá lè di ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ mú, ọ̀lẹ ni lójú wọn.

Lọ́dún 1886, èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Ó ní òun fẹ́ kọ ìtàn Custer County, kóun sì fi fọ́tò gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó ṣì wà láàyè, ilé eèpẹ̀ wọn náà ṣì dúró. Bàbá rẹ̀ yá a ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Butcher wá kó kámẹ́rà àti àwọn gíláàsì rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́, ó ń lọ láti oko dé oko. Ẹ má gbàgbé pé kámẹ́rà ìgbà náà kì í lo fíìmù bí èyí tó wá dé lẹ́yìn wọn. Orí gíláàsì tí wọ́n fi oògùn pa lójú ni àwòrán ń hàn sí. Ó wúwo, ó sì máa ń fọ́. Oúnjẹ àti ibi tí yóò sùn lọ̀pọ̀ ẹni tó bá yà máa ń fún un. Láàárín bíi ọdún méje, fọ́tò tó yà ti lé ní 1,500.

Inú ilé wọn ṣókùnkùn ju èyí tí kámẹ́rà náà lè yà lọ. Nítorí ìyẹn ni gbogbo ìdílé fi máa ń jáde síta, tí wọ́n á sì kó dúkìá jáde tẹ̀lé ara wọn. Ẹ wo fọ́tò kan, ẹ ó rí máṣíìnì ìránṣọ láàárín koríko. Ẹ wo òmíràn, ẹyẹ inú àgò ni wọ́n gbé kọ́. Ẹṣin, ìbaaka, màlúù, ajá, gbogbo wọn ló tò síbẹ̀ bí ẹni tó wá jẹ́rìí. Ẹ̀rín ṣọ̀wọ́n lójú wọn, nítorí èèyàn gbọ́dọ̀ dúró láìmira. Bí ajá bá mi ìrù, ìrù náà á di èéfín nínú fọ́tò.

Ọ̀kan nínú èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti ìdílé Sylvester Rawding, tí Butcher yà lọ́dún 1886 nítòsí ìlú Sargent. Wọ́n gbé tábìlì síta, wọ́n gbé bàrà lé e. Ẹni tó bá gbójú sókè á rí màlúù tó dúró bí ẹni pé ó wà lórí òrùlé. Kì í ṣe idán o. Inú ara òkè ni wọ́n gbẹ́ ilé náà wọ̀, ibi tí òrùlé parí sí ni ilẹ̀ òkè ti bẹ̀rẹ̀, ni màlúù bá ń jẹ koríko tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún yẹn kan náà ló ya àwọn ọmọbìnrin Chrisman mẹ́rin, Harriet, Elizabeth, Lucie àti Ruth, tí wọ́n dúró níwájú ilé eèpẹ̀ pẹ̀lú ẹṣin wọn. Ẹ̀rù ò bà wọ́n, ojú ò sì tì wọ́n. Òfin ilẹ̀ gba obìnrin tí kò tíì lọ́kọ láàyè láti gbalẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, àwọn ọmọ yìí sì lò ó dáadáa. Wọ́n ń lọ gbé lọ́dọ̀ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà dá wà nínú igbó koríko, kí àsìkò tí ìjọba là kalẹ̀ sì lè pé. Isadore Haumont tó wá láti Belgium ní tirẹ̀ ò gbà pé ilé eèpẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló fi eèpẹ̀ kọ́ nítòsí Broken Bow, Butcher sì ya ìyẹn náà.

Ṣùgbọ́n fọ́tò méjì kan wà tó yẹ kéèyàn dúró wò dáadáa. Èkíní ni ti ìdílé Jerry Shores, tó yà lọ́dún 1887 nítòsí Westerville. Èkejì ni ti ìdílé Moses Speese, lọ́dún 1888. Èèyàn dúdú ni wọ́n, ẹrú sì ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó parí lọ́dún 1865. Ohun tó ṣeni ní kàyéfì ni pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni Shores àti Speese! Báwo ni ọmọ ìyá ṣe ń jẹ́ orúkọ bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Orúkọ olówó wọn ni. Ọ̀tọ̀ lẹni tó ra èyí, ọ̀tọ̀ lẹni tó ra tọ̀hún, ibi tí wọ́n tà kálukú sí ló ti gba orúkọ. Ọmọ ìyá wọn mìíràn tó ń jẹ́ Henry Webb náà gbalẹ̀ sí ìtòsí wọn. Ẹ wá fọkàn yàwòrán rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti fìgbà kan kọ orúkọ wọn sínú ìwé dúkìá ẹlòmíì, àwọn náà ló dúró níwájú ilé eèpẹ̀ yìí, lórí ilẹ̀ tí ìjọba kọ orúkọ wọn sí. Ohun tí ìyàwó Hilton ń fi pamọ́, ohun tí ìdílé Shores fẹ́ káyé rí nìyẹn. Ilé kan náà, eèpẹ̀ kan náà, àmọ́ ọ̀nà tí kálukú gbà débẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Butcher fúnra rẹ̀ kì í ṣe áńgẹ́lì. Bí gíláàsì bá bàjẹ́ lójú kan, yóò fi ọwọ́ ya nǹkan bo ojú ibẹ̀. Ìtàn kan wà pé ihò wà lára gíláàsì fọ́tò ilé àgbẹ̀ kan, ni Butcher bá ya tòlótòló síbẹ̀, ó jókòó rèǹtè sórí òrùlé. Àgbẹ̀ náà wò ó títí, ó lóun ò rántí pé tòlótòló wà lórí ilé òun lọ́jọ́ náà. Butcher yarí kanlẹ̀ pé ó wà níbẹ̀, ló bá di pé àgbẹ̀ ń ṣiyèméjì ojú ara rẹ̀. Ó tún máa ń fọwọ́ ya igi síbi tí igi ò sí.

Èyí tó tún ju ìyẹn lọ, ó máa ń kó èèyàn jọ láti ṣe ohun tó ti kọjá bí eré. Fọ́tò kan wà tí àwọn ọkùnrin tó fi nǹkan bojú ti ń gé wáyà ọgbà ńlá ọlọ́sìn màlúù kan, Brighton Ranch. Ìjà náà wáyé lóòótọ́ lọ́dún 1885, nítorí àwọn ọlọ́sìn ńlá ń fi wáyà yí ilẹ̀ ìjọba ká, àwọn àgbẹ̀ ò sì gbà. Ṣùgbọ́n ọdún 1900 ni Butcher ya fọ́tò tirẹ̀, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìjà! Ẹni tí kò bá ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ á búra pé ojú ogun ló wà.

Láìpẹ́, nǹkan yíwọ́. Ọ̀dá dé lẹ́yìn ọdún 1890. Àgbàdo gbẹ mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé di ẹrù wọn sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá. Kò sẹ́ni tó lówó fọ́tò mọ́, Butcher náà sì pa iṣẹ́ ìwé rẹ̀ tì. Lọ́dún 1899, iná jó ilé rẹ̀. Gbogbo ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn tó ti kọ sílẹ̀ jóná, fọ́tò tó ti tẹ̀ sórí ìwé jóná pẹ̀lú. Kí ló ṣẹ́kù? Àwọn gíláàsì ni. Inú abà ọkà ló kó wọn sí, iná ò débẹ̀. Ká ní inú ilé ló kó wọn sí ni, tọmọdé tàgbà kì bá tí mọ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́sìn kan tó lówó lọ́wọ́, Swain Finch, yá a lówó, ìwé ìtàn Custer County sì jáde lọ́dún 1901. Àwọn èèyàn rà á. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kó lọ sí ìlú Kearney, ibẹ̀ ló ti tún ń ya ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé, ojú pópó àtàwọn èèyàn ìlú, tó ń fi wọ́n ṣe káàdì ìfìwéránṣẹ́. Ayé ti ń yí padà nígbà náà. Rélùwéè ti dé Broken Bow láti ọdún 1886, pákó wá rọrùn láti rí rà, àwọn tó bá lówó ń kọ́ ilé pákó funfun, wọ́n ń fi ilé eèpẹ̀ so ẹran.

Owó ò tíì wọlé fún Butcher síbẹ̀síbẹ̀. Ó ta oògùn tó sọ pé ó ń wo oríṣiríṣi àìsàn. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tó ní ó lè fi wá epo rọ̀bì nínú ilẹ̀. Kò sí èyí tó sọ ọ́ di olówó. Ó tún gbé àwọn gíláàsì rẹ̀ tọ ẹgbẹ́ akọ̀tàn ìpínlẹ̀ Nebraska lọ, ó ń retí 1,000 dọ́là. Ọ̀rọ̀ náà fà títí, 600 dọ́là ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Gíláàsì tó lé ní 3,000 ni o! Lọ́dún 1927, ó kú sí Greeley, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó sì gbà pé òun ò rí ayé òun ṣe.

Ó ku àwọn kan tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n, tí wọn ò sí láàárín àwọn ìdílé tó tò síwájú ilé eèpẹ̀. Àwọn ni Pawnee, àwọn tó ń dọdẹ ẹfọ̀n láwọn ilẹ̀ náà kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Láàárín bíi ọdún 1874 sí 1876 ni wọ́n kúrò ní Nebraska lọ sí apá ibi tó ti di Oklahoma báyìí. Nígbà tí wọ́n dá Custer County sílẹ̀ lọ́dún 1877, orúkọ George Custer ni wọ́n fi sọ ọ́, ọ̀gágun tó kú lọ́dún 1876 lójú ogun tó ń bá àwọn ọmọ onílẹ̀ jà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wo àwọn fọ́tò yìí, tó rí pápá gbalasa tó dà bíi pé kò lólúwa, kó rántí pé ilẹ̀ náà ní àwọn tó ń gbé e tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti lé wọn lọ kí kámẹ́rà tó dé ni.

Ní nǹkan bí ọdún 2000, àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ akọ̀tàn náà kó gíláàsì Butcher sínú kọ̀ǹpútà. Níbẹ̀ ni ohun tuntun ti jáde. Ẹnu ọ̀nà àwọn ilé eèpẹ̀, tó máa ń dúdú kirikiri nínú fọ́tò, kò ṣófo. Gíláàsì ti gba ohun tó wà nínú ilé sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú lásán ni kò rí i. Nígbà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ohun èlò inú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ohun tí wọn ò gbé síta nígbà tí wọ́n ń gbé dúkìá jáde. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Lónìí, ọwọ́ ẹgbẹ́ náà ni àwọn gíláàsì wà, ní ìlú Lincoln. Èèyàn Custer County ju 26,000 lọ lọ́dún 1920, àmọ́ nígbà tí wọ́n kà wọ́n lọ́dún 2020, wọn ò ju 10,500 àti díẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ gba ìlú ńlá lọ, ẹ̀rọ ló sì ń ṣe iṣẹ́ tí ogún èèyàn ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ti àwọn ilé tí Butcher yà, òjò àti yìnyín ti fọ ọ̀pọ̀ wọn padà sínú ilẹ̀, koríko ti hù lé wọn lórí, ẹran sì ń jẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí bàbá ńlá òun kọ́lé sí ní agbègbè náà, gíláàsì ọkùnrin tí wọ́n pè ní ọ̀lẹ ló ń lọ wò.